Tíì Wo Lẹ Ń Mu, Ẹ̀yin Aboyún?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àrùn tí ń dẹ́rù bani. Ọ̀rọ̀ tíì ni, tíì tí à ń mu pẹ̀lú búrẹ́dì láàárọ̀, èyí tí kò ṣàjèjì sí ilé kankan ní Ìwó tàbí níbí ní Kúta tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ ìtọ́jú aboyún ní dìsípẹ́ńsárì wa, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan má bi mí pé, "Anti Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n máa mu tíì ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ títí n ó fi bí?" Èmi kì í tètè dáhùn. Ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá ìbéèrè lóhùn: tíì wo?

Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹnu àwa Yorùbá fẹ̀ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tíì. Bí ìyá kan bá ní òun mu tíì kí òun tó jáde nílé, ó lè jẹ́ Lipton ló rẹ sínú omi gbígbóná. Ó lè jẹ́ Bournvita tàbí Milo, èyí tí kì í ṣe tíì rárá, kòkó ni. Ó lè jẹ́ Nescafé, tí í ṣe kọfí. Ó sì lè jẹ́ ewé tíì tó já lẹ́yìn ilé, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní koríko ọba, tó sè nítorí ibà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń jẹ́ tíì lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé inú ara aboyún, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ń ṣe. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó bá kàn dáhùn pé "máa mu ún" tàbí "má mu ún mọ́" kò tíì mọ ohun tó ń dáhùn.

Ohun tó wà nínú tíì gidi, tí ń lé oorun lójú ènìyàn, tí ń jẹ́ kí ọkàn máa sáré díẹ̀, ni wọ́n ń pè ní kafíìnì. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí à ń pè ní Friedlieb Ferdinand Runge ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ láti inú kóró kọfí ní 1819. Kì í ṣe ohun òyìnbó nìkan, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Obì wa ní in, ìbáà ṣe gbànja, ìbáà ṣe àbàtà. Kòkó tí àwọn bàbá wa fi rán wa lọ sílé ìwé ní in díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó kan wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964. Irúgbìn márùn-ún ni wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí níbẹ̀: kòkó, obì, kọfí, tíì àti kajú. Bí ẹ bá yọ kajú kúrò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù ló ní kafíìnì nínú. Tíì fúnra rẹ̀ ń hù ní orílẹ̀-èdè wa, lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí òtútù ti ń mú. Ewé tíì ẹ̀yìnkùlé wa nìkan ni kò ní kafíìnì rárá, àfi orúkọ tó jọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kafíìnì ń ṣe fún aboyún. Bí ìyá bá mu ún, ẹ̀jẹ̀ ìyá ni yóò gbé e dé ibi, èyí tí àwọn kan ń pè ní èkejì ọmọ. Ibi a máa dá ọ̀pọ̀ nǹkan dúró kó má baà dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n kò lè dá kafíìnì dúró. Ìyá ní ẹ̀dọ̀ tí yóò fọ́ kafíìnì náà sí wẹ́wẹ́, tí yóò sì lé e jáde. Ọmọ inú kò tíì ní agbára bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì kéré jù. Yàtọ̀ sí èyí, bí oyún bá ṣe ń dàgbà ni ara ìyá pàápàá ń lọ́ra láti lé e jáde. Nínú ara obìnrin tí kò lóyún, ìdajì kafíìnì tó mu á ti lọ láàárín nǹkan bíi wákàtí 5. Lára ẹni tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, ìdajì yẹn lè gbà tó wákàtí 15. Ìyẹn ni pé tíì tí ó mu ní ìrọ̀lẹ́ ṣì wà nínú ara rẹ̀ nígbà tó ń po ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé oorun kò kun yín, pé ọmọ ń ta yín nípàá lóru, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ mu lálẹ́.

Àwọn onímọ̀ ti rí i pé àwọn obìnrin tí ń mu kafíìnì púpọ̀ nínú oyún ni oyún ń bàjẹ́ mọ́ lára jù, àwọn náà ló sì ń bí ọmọ kéékèèké jù, ọmọ tí kò tó kílò 2.5. Nítorí èyí, ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba aboyún tí ń mu ju mílígíráàmù 300 lọ lójúmọ́ nímọ̀ràn pé kó dín in kù. Ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, 200 ni wọ́n fi dó sí. Ní 2020, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Jack James, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé kò sí ìwọ̀n kankan tí kò léwu, pé kí aboyún fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Àwọn dókítà agbẹ̀bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní 200 ṣì dára. Èmi tí mo ń kọ èyí, 200 ni mo ń sọ fún àwọn tèmi. Obìnrin tí a bá sọ fún pé kó má fẹnu kan tíì rárá, yóò dáhùn pé ó dáa lójú wa, yóò sì lọ mu mẹ́ta nílé. Ẹni tí a bá fi òṣùwọ̀n lé lọ́wọ́ á lè ṣọ́ ara rẹ̀.

Òṣùwọ̀n náà rèé. Mọ́ọ̀gì tíì kan ní nǹkan bíi 75. Mọ́ọ̀gì Nescafé kan ní 100. Agolo kóòkì kan ní 40. Ohun mímu agolo kékeré tí àwọn awakọ̀ àti àwọn ọmọ ilé ìwé ń mu láti fi gba agbára, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹnajì, ní 80, ìgò rẹ̀ tó tóbi sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Bournvita àti Milo kò tó nǹkan. Ẹ ó rí i pé mọ́ọ̀gì tíì méjì kò tíì kọjá ààlà. Ohun tí ń múni kọjá ààlà ni àwọn tí a kì í kà. Ẹ wo ìyá kan tó mu mọ́ọ̀gì Lipton kan láàárọ̀, ìyẹn 75. Oòrùn mú lọ́jà, ó ra kóòkì tútù kan, ó di 115. Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ti rán ọmọ lọ ra tíì wá lọ́dọ̀ mállàm ẹ̀gbẹ́ títì, ó bá a mu mọ́ọ̀gì kan níbẹ̀, ó di 190, bí ti mállàm kò bá le ju ti ilé lọ. Àlejò wá wọlé, wọ́n gbé obì kalẹ̀, ó fi awẹ́ kan sẹ́nu. Ó ti rékọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni bí ẹ bá bi í, yóò búra pé tíì méjì péré lòun mu.

Mo mẹ́nu ba tíì mállàm. N kò bá a jà o, èmi náà ń rà á nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ iye tó wà nínú rẹ̀. Ó ti kó báàgì Lipton mélòó kan sínú kẹ́tù, ó sì ti wà lórí iná látàárọ̀. Bí ewé bá sì ti pẹ́ nínú omi gbígbóná tó ni agbára rẹ̀ ń jáde tó. Ẹni tó bá ti lóyún, kó ní kí mállàm fi omi là á, kí ó sì dín ṣúgà àti mílíìkì alágolo kù. Ṣúgà tí wọ́n ń dà sí i lè pọ̀ ju ohun tí aboyún nílò lọ, pàápàá ẹni tí a bá ti sọ fún pé ṣúgà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Ní ti obì, ọ̀pọ̀ yín ń jẹ ẹ́ láti fi lé ìríra ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ó ń mú ẹnu dá. Ṣùgbọ́n bí a bá wọn obì gbígbẹ pọ̀ mọ́ kóró kọfí, kafíìnì wọn kò jìnnà síra, nígbà mìíràn obì a sì jù ú lọ. Àwọn òyìnbó pàápàá mọ agbára obì. Nígbà tí wọ́n po ohun mímu kan ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ní 1886, orúkọ obì ni wọ́n fi kún orúkọ rẹ̀, òun ni Coca-Cola tí à ń mu títí dòní. Nítorí náà, ẹni tó bá ti jẹ obì ti mu tíì. (Obì ni mo wí, n kò wí orógbó, igi ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.) Bí ìríra bá ń dà yín láàmú, ẹ bó atalẹ̀ tútù, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fọwọ́ sí atalẹ̀ fún èébì ìbẹ̀rẹ̀ oyún, kò sì sí kafíìnì nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún gidigidi. Ẹni tó ti ń mu tíì mẹ́ta mẹ́rin lójúmọ́, tó sì fi í sílẹ̀ lójijì nítorí pé ó gbọ́ pé òun lóyún, orí yóò fọ́ ọ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Kí ni yóò ṣe? Yóò rán ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó lọ ra Alábùkún wá. Alábùkún, tí olóògbé Jacob Ṣógbóyèga Odùlátẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918, oògùn orí fífọ́ tó gbajúmọ̀ ni, ṣùgbọ́n asipirín àti kafíìnì ló wà nínú rẹ̀. Orí náà yóò dákẹ́ lóòótọ́, torí kafíìnì tó ń wá ló ti rí. Ṣùgbọ́n ó ti fi asipirín kún un, èyí tí aboyún kò gbọdọ̀ lò láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún un. Panadol Extra náà kò yàtọ̀ nípa ti kafíìnì: hóró kan ní 65, hóró méjì tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 130. Panadol lásán kò ní in. Nítorí náà, ẹ má fi tíì sílẹ̀ lójijì. Ẹ yọ ife kan kúrò lọ́sẹ̀ yìí, ẹ yọ òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí orí bá sì ń fọ́ yín nígbà tí oyún ti kọjá oṣù márùn-ún, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ojú àti ọwọ́ sì wú, ẹ má ra oògùn kankan, ẹ má sì sọ pé tíì ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè ni. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru.

Gbogbo èyí tí mo sọ lórí kafíìnì, ó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí ní ohun tí tíì fi ń pa àwọn aboyún wa lára jù, n kò ní dárúkọ kafíìnì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni.

Ìyá kan wá sọ́dọ̀ wa tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje. Kì í pa ọjọ́ ìtọ́jú jẹ, kì í sì í fi oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń fún un ṣeré. Ọkọ rẹ̀ tí ń wa ọkọ̀ Ìwó sí Ìbàdàn jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, 24 péré ni, nígbà tí kò yẹ kó wálẹ̀ ju 33 lọ. Inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun bí òwú. Bó bá gbé ọpọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, ó di kí ó jókòó kó tó lè sọ̀rọ̀. Mo ní kó máa sọ fún mi bó ṣe ń lo oògùn rẹ̀, kó má fo ohunkóhun. Ó ní, "Anti Nọ́ọ̀sì, bí mo bá ti jí, màá po Lipton mi, màá fi gbé oògùn mì, torí omi lásán máa ń rìn mí lọ́kàn." Bó ṣe ń ṣe é láti oṣù kẹrin nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ohun kan wà nínú tíì tó ń mú un korò, tó ń mú ẹnu gan, tí wọ́n ń pè ní táníìnì. Irin ló sì wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá da tíì líle sórí ọ̀bẹ irin tó ti ń dípẹtà, tí ẹ sì fi í sílẹ̀, ẹ ó rí i pé yóò dúdú bí aró. Táníìnì ló di mọ́ irin. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn. Táníìnì á so mọ́ irin inú oògùn, á sì so mọ́ irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà tí ẹ jẹ, ara kò sì ní lè fa èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ìgbẹ́ ni yóò bá jáde. Mílíìkì tí ẹ dà sí i kò gbà yín, òun náà tún ní ohun tí ń dí irin lọ́nà. Bournvita àti Milo tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan torí pé kafíìnì wọn kéré, níbi ti irin wọ́n jẹ̀bi bíi tíì, nítorí pé kòkó náà ń di irin mú. Ẹ má fi ìkankan nínú wọn lo oògùn ẹ̀jẹ̀.

N kò wí pé tíì nìkan ló fa ti ìyá yìí. A bá ibà lára rẹ̀, a wò ó. A fún un ní oògùn aràn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n a gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò ní àárọ̀, a gbé e sí alẹ́ nígbà tó bá fẹ́ sùn, pẹ̀lú omi àti ọsàn kan, nítorí ọsàn a máa ran irin lọ́wọ́ láti wọ ara. Tíì rẹ̀, ife kan, a sún un sí agogo 11 nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ ti lọ sílẹ̀. Kò ṣòro fún un. Nígbà tó fi máa bí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di 32. Ẹ̀jẹ̀ tó dà lọ́jọ́ ìbí kò kéré, àwa tí a gbẹ̀bí rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lè pàdánù ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kó sì dìde mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹni tí ó bá 24 dé orí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ, ìwọ̀n kan náà lè gbé e lọ kí ọkọ̀ tó dé Ìwó.

Bí àwọn tèmi ṣe ń ṣe é nìyí: oògùn ẹ̀jẹ̀ lálẹ́, omi tàbí ọsàn ni kẹ fi lò ó. Tíì gbọ́dọ̀ jìnnà sí oúnjẹ ní wákàtí kan ó kéré tán, ṣáájú tàbí lẹ́yìn, kó sì jìnnà sí oògùn ní wákàtí méjì. Bí oògùn bá ń rìn yín lọ́kàn, ẹ fi oúnjẹ díẹ̀ tì í, kì í ṣe tíì. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, ẹ má bẹ̀rù, oògùn náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà Ràmàdánì, àwọn ìyá kan a máa mu tíì àti búrẹ́dì ní sààrì, wọn a tún kó oògùn ẹ̀jẹ̀ lé e nítorí pé ìgbà náà nìkan ni ẹnu yọ. Ẹ fi oògùn náà sí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn lálẹ́. Ẹ sì bi àwọn àlùfáà yín. Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu wọn pé ìsinmi wà fún aboyún tí ara rẹ̀ kò bá gbé ààwẹ̀.

Àwọn kan wá ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn yóò fi Lipton sílẹ̀, àwọn yóò máa mu ewé tíì, àgbo àti sobo. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré bẹ́ẹ̀. Pé ohun kan kò ní kafíìnì kò túmọ̀ sí pé ó dára fún oyún. Ife ewé tíì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò dẹ́rù bà mí, ṣùgbọ́n ìkòkò kan lójúmọ́ nítorí ibà kò bójú mu: ibà aboyún, ilé ìwòsàn ni ká ti wò ó. Sobo àti àgbo tí a kò mọ ewé inú rẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ẹ ó fi bí.

Ìyá kan ránṣẹ́ béèrè bóyá ó lè padà sí tíì rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá bímọ tán. Ó lè padà, ṣùgbọ́n kó má tíì gbàgbé òṣùwọ̀n. Díẹ̀ nínú kafíìnì ń gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ọmọ tuntun kò sì tètè lé e jáde. Ó lè máa ké, kó má sùn. Kó fún ọmọ lọ́mú tán ná, kó tó gbé omi kaná.